Irin Oníhò àti Ìbọn Bàbá Abọ́dẹrìn

Òkè-Ọ̀kà, Àkókó
Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹwàá, 2024

Bọ̀ọ̀dá mi Ọlálẹ́yẹ,

Mo kí yín láti orí òkè wa títí dé ibi tí ẹ wà lọ́hùn-ún. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú òtútù. Bí òtútù ò bá tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ìkíni yẹn pamọ́ dè é. Wásáàpù ló yẹ kí n fi bá yín sọ̀rọ̀, àmọ́ mọ́mì mi ti gba fóònù mi. Wọ́n ní ó di ọjọ́ tí mo bá kọ ìdánwò Wáẹ́ẹ̀kì tán. Kí ìgbà yẹn tó dé, màá ti gbàgbé orúkọ ara mi. Torí náà, inú ìwé ni mò ń kọ ọ́ sí. Bí mo bá tẹ̀ lé Màmá, ìyá yín, lọ ra ọjà ní Ìkàrẹ́, Àǹtí Safinat tó ní bísíńẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà ní àdúgbò Júbílì máa bá mi fi ránṣẹ́ sí ímeèlì yín. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni kí ẹ dá èsì padà sí, ó máa tẹ̀ ẹ́ jáde sórí bébà fún mi.

Ọ̀rọ̀ tó gbé mi wá rèé. Kí wọ́n tó gba fóònù, mo rí fídíò tí ẹ ṣe níbi iṣẹ́ yín, ilé tí àwọn òyìnbó ti ń sanwó kí wọ́n lè yìnbọn lu bébà. (Màmá ò gbà pé irú ilé bẹ́ẹ̀ wà. Wọ́n ní kí ni bébà ṣe wọ́n.) Mo rí irin kékeré kan lẹ́nu ìbọn ìléwọ́, ó ní ihò lókè, ẹ sì sọ pé irin yẹn kì í jẹ́ kí ẹnu ìbọn fò sókè. Láti ọjọ́ náà ni irin oníhò ti ń rìn káàkiri nínú orí mi.

Ó ti pẹ́ tí ẹ wálé kẹ́yìn, ẹ jẹ́ kí n rán yín létí. Ìbọn ìléwọ́ kúkúrú ti ẹgbẹ́ ọdẹ àdúgbò wa ṣì wà lọ́wọ́ Bàbá yín, bàbá mi àgbà. Sátidé tó bá kẹ́yìn oṣù kìn-ín-ní, wọ́n á gun orí àpáta, wọ́n á ki ẹ̀tù àti akísà sí i, kò sí ọta ńbẹ̀, wọ́n á wá fi ọwọ́ kan yìn ín. Ẹni tó bá kọ́kọ́ yìn ín lọ́jọ́ náà tí ẹnu ìbọn ò kọjá iwájú orí rẹ̀, òun ni olórí ọdẹ títí ọdún á fi yípo. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni Bàbá ti ń ṣe é. Àmọ́ làkúrègbé ti wọ ọrùn ọwọ́ wọn. Ní oṣù kìn-ín-ní tó kọjá, ẹnu ìbọn yẹn gòkè, ó gòkè, ó fẹ́ẹ̀ lọ kan ìlẹ̀kùn ọ̀run, ó wá dúró sí iwájú orí Bàbá gẹ́lẹ́. Bọ̀ọ̀dá Rufus, ọdẹ kan tí ọwọ́ rẹ̀ nípọn bí ẹsẹ̀ erin, wá ń wo Bàbá bí ẹni tó ń wo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó kù díẹ̀ kó pọ́n.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi irin oníhò kan ránṣẹ́ kí oṣù kìn-ín-ní tó dé. Ẹ fi sáàárín aṣọ. Bàbá ò mọ̀ pé mo kọ̀wé o.

Ọmọ yín tó ń ṣàárò yín,
Ìtùnú


Tulsa, Oklahoma
Ogúnjọ́ oṣù kẹwàá, 2024

Ìtùnú,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. Inú mi dùn pé gbogbo yín wà láyọ̀. O kí mi ní ìlà méjì, o fi gbogbo ojú ewé tó kù ṣagbe. Ó dáa náà.

Mi ò ní fi nǹkan kan ránṣẹ́. Ṣé o fẹ́ kí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù gbé mi ni? Ohun tó jẹ́ ti ìbọn, nínú páálí tí mo kọ "aṣọ ọmọdé" sí, láti ọwọ́ àlejò tó wà nílẹ̀ onílẹ̀? Tí wọ́n bá mú mi, ìwọ ni màá ní kí wọ́n wá gbé. Mi ò tilẹ̀ ní ìbọn. Ilẹ̀ ni mò ń gbá níbẹ̀, mo ń ṣa ìkarahun ọta tí wọ́n ti yìn, mo sì máa ń fi etí gbọ́ ohun tí àwọn tó mọ̀ ń sọ.

Gbọ́ ohun tí mo gbọ́. Bí ìbọn bá dún, èéfín máa ń tì jáde lẹ́yìn ọta. Irin oníhò ń darí díẹ̀ nínú èéfín yẹn gba òkè, bí èéfín ṣe ń sá lọ sókè ló ń ti ẹnu ìbọn wálẹ̀. O mọ ìkòkò ìrẹsì tó ń hó, tí ọmọrí rẹ̀ ń jó? Bí iná bá mú, ọmọrí á jó. Bí iná ò bá mú, ọmọrí á dákẹ́. Ìbọn tí agbára rẹ̀ pọ̀, iná rẹ̀ mú, irin oníhò á ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìbọn tí agbára rẹ̀ kéré, èéfín rẹ̀ ti fẹ́ẹ̀ tán kó tó dé ẹnu. Kí ni ihò máa rí darí?

Ìjà ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí níbí. Àwọn kan ní irin yẹn dáa lórí ìbọn kíbọn. Àwọn kan ní orí ìbọn tí kò lágbára, ariwo lásán ni. Bàbá àgbàlagbà kan ra ọ̀kan, ìbọn rẹ̀ tí kì í há tẹ́lẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í há. Èmi náà ò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, ó sì ń dùn mí pé mi ò mọ̀ ọ́n.

Ìbọn Bàbá ńkọ́? Báwo ló ṣe ń fò tó gan-an? Wọ̀n ọ́n, kọ ọ́ sílẹ̀. Má sì sọ ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kùn ọ̀run fún mi.

Bá mi kí Màmi. Sọ fún wọn pé bébà ò ṣe wọ́n ní nǹkan kan.

Ọlálẹ́yẹ


Òkè-Ọ̀kà, Àkókó
Ọjọ́ kejì oṣù kọkànlá, 2024

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ kú àìfiránṣẹ́. Mo ti sọ fún gbogbo Ọ̀kà pé bọ̀ọ̀dá mi ní Amẹ́ríkà ń bẹ̀rù páálí.

Mo ti wọ̀n ọ́n. Mo gé ọparun kan tó ga jù mí lọ, mo fi ẹfun fa ìlà sí i láti ìsàlẹ̀ dé òkè, ìlà kan sí èkejì jẹ́ fífẹ̀ ìka mẹ́ta. Mo wá jẹ́wọ́ fún Bàbá. Mo rò pé wọ́n máa fi ọparun náà nà mí. Wọ́n ní, "Kí ni Ọlálẹ́yẹ ní ó ń ti ẹnu ìbọn wálẹ̀?" Mo ní èéfín ni. Wọ́n jókòó tì mí títí mo fi bó iṣu tán. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ó yẹ ká wò ó."

A lọ sójú ọ̀nà oko. Ẹ mọ̀ pé obìnrin kì í fọwọ́ kan ìbọn yẹn, àmọ́ kò sẹ́ni tó ní obìnrin ò gbọdọ̀ fojú kàn án. Bàbá ri ọparun mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n dúró sí, èmi jìnnà sẹ́yìn, mo ń ka ìlà. Ìgbà mẹ́ta ni wọ́n yìn ín. Ó kọ́kọ́ gòkè ìlà mọ́kànlá, lẹ́yìn náà méjìlá, lẹ́yìn náà mọ́kànlá. Iwájú orí Bàbá wà ní ìlà kejìlá, bí a bá kà á láti ibi tí ẹnu ìbọn wà kó tó dún. Mi ò bù mọ́ ọn, ẹ lè bi ewúrẹ́ Màmá, ó tẹ̀ lé wa lọ. Ní gbogbo ìgbà tó bá dún, Bàbá á kọjú sí mi, wọ́n á ní, "Mélòó?" Ojú wọn ń tàn bíi ti ọmọ tó ń retí ẹran.

Ìbéèrè mi rèé. Kò sí ọta nínú ìbọn yẹn. Kí ló wá ń tì í sẹ́yìn? Akísà?

Nǹkan mìíràn tún wà. Ṣé ẹ rántí òrùka idẹ tó nípọn tó wà lẹ́nu ìbọn náà láyé àtijọ́? Nígbà tí Màmá wọ ìjọ tuntun ní ọdún mẹ́sàn-án sẹ́yìn, àwọn àgbà ìjọ ní òògùn ni, Màmá sì ní kí Bàbá yọ ọ́ tàbí kí àwọn kó lọ sílé bàbá àwọn ní Òkè-Àgbè. Bàbá yọ ọ́. Ní báyìí, orí ọmọrí ìkòkò omi ló wà, kí ewúrẹ́ má bàa ṣí i. Bọ̀ọ̀dá Rufus ń sọ ọ́ kiri pé láti ọjọ́ tí òògùn ti kúrò ni ìbọn ti ń ya olórí kunkun. Ó ní ẹni tí kò bá lè mú ìbọn láìsí òògùn kí ó gbé e sílẹ̀. Bàbá kì í dá a lóhùn. Ìyẹn ló ń bí mi nínú.

Ẹ tètè fèsì.

Ìtùnú


Òkè-Ọ̀kà, Àkókó
Ọgbọ̀njọ́ oṣù kọkànlá, 2024

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ṣé ẹ wà láyé? Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Mo ti lọ sí ọ̀dọ̀ Àǹtí Safinat títí ó fi ní òun máa gbé àga kan sílẹ̀ fún mi, kí òun máa gba owó ilé lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ti yọjú ni ó máa ń mi orí, kí n tó kí i.

Ẹ dákẹ́, mo sì ti wá ọ̀nà míì. Alágbẹ̀dẹ kan wà lẹ́yìn gáréèjì ní Ìkàrẹ́. Mo ya àwòrán irin yín fún un. Ó ní irin wo ni a tún ń wá, òun lè lu ihò mẹ́ta sí òkè ọ̀pá ìbọn fúnra rẹ̀, ó ní iṣẹ́ wákàtí kan ni. Bàbá kọ́kọ́ ní rárá. Mo bẹ̀ wọ́n fún ọjọ́ mọ́kànlá. Lánàá ni ọwọ́ wọn ń gbọ̀n bí wọ́n ṣe ń gbé ife tíì, wọ́n rí i pé mo rí i. Wọ́n ní ó dáa, àwọn máa gbé ìbọn lọ ní Sátidé, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejìlá.

Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀, ẹ sọ ọ́ kí ọjọ́ náà tó pé.

Ìtùnú


Tulsa, Oklahoma
Ọjọ́ kẹjọ oṣù kejìlá, 2024

Àǹtí Safinat, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dúró di ìgbà tí ọmọ yìí bá wá. Ẹ bá mi fún ọlọ́kadà kan kí ó gbé bébà yìí lọ sí Òkè-Ọ̀kà lónìí, ilé Bàbá Abọ́dẹrìn. Ẹ ṣé gan-an.

Ìtùnú, ẹ ò gbọdọ̀ lu ihò kankan sí ọ̀pá ìbọn yẹn. Ka ìlà yìí sókè fún Bàbá, kí o sì tún un kà. Ìbọn yẹn ju Bàbá lọ lọ́jọ́ orí, ìpáta ti jẹ ẹ́ nínú níbi tí ojú ò tó. Bí wọ́n bá dá ihò sí i, ó lè fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Irin tèmi, òde ẹnu ìbọn ni wọ́n ń dè é mọ́, ilé iṣẹ́ tó ṣe ìbọn ló ṣe àyè rẹ̀ sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń lu ihò sí ọ̀pá ìbọn àtijọ́.

Má bínú pé mo dákẹ́. Iṣẹ́ méjì ni mò ń ṣe, mi ò sì fẹ́ dá ọ lóhùn pẹ̀lú ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu èèyàn. Ọparun rẹ ló dójú tì mí. Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá mi, ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá ní kí àwa náà ṣe é lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí kò sí oníbàárà. A na bébà onílà sára ògiri, ẹnì kan náà ló yìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, ìgbà mẹ́wàá mẹ́wàá, èmi ń fi fóònù ya ibi tí ẹnu ìbọn dé.

Ìbọn ìléwọ́ tí agbára rẹ̀ kéré la kọ́kọ́ lò. Bí kò bá sí nǹkan lẹ́nu rẹ̀, ó ń gòkè ìlà mẹ́sàn-án. Nígbà tí a fi irin oníhò sí i, ó dúró ní ìlà mẹ́fà. Ọ̀gá mi pàtẹ́wọ́. Mo ní kí ó dúró ná. A wá irin mìíràn tí ìwúwo rẹ̀ bá ti àkọ́kọ́ dọ́gba, àmọ́ kò ní ihò kankan, irin lásán. Ìlà mẹ́fà àti ààbọ̀. Ìwọ wò ó. Gbogbo iṣẹ́ tí ihò ṣe nìyẹn, ìdajì ìlà. Ìwúwo ló ṣe ìyókù. Irin oníhò yẹn sì mú kí ìbọn há lẹ́ẹ̀mejì, torí agbára kékeré tó ní kò tó ti ẹrù tuntun náà.

A tún gbé ìbọn tí agbára rẹ̀ pọ̀. Láìsí nǹkan, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Pẹ̀lú irin lásán, mẹ́tàlá. Pẹ̀lú irin oníhò, mẹ́sàn-án. Níbẹ̀ ni ihò ti jẹ́ ọkùnrin.

Nípa ìbéèrè rẹ: ohunkóhun tó bá fi agbára jáde síwájú, ó ń ti ìbọn sẹ́yìn. Akísà ní ìwúwo, èéfín náà ní díẹ̀.

Mo wá ń ronú nípa òrùka idẹ yẹn láti àná. Gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n, kí o sọ bó ṣe wúwo tó fún mi.

Ọlálẹ́yẹ


Òkè-Ọ̀kà, Àkókó
Ọjọ́ kẹrin oṣù kìn-ín-ní, 2025

Ọlálẹ́yẹ ọmọ mi,

Èmi ìyá rẹ ni mò ń sọ̀rọ̀, Ìtùnú ló ń kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kí ó má fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sí i. (Mi ò fi sí i o.) A kú ọdún. O ò pè mí ní ọjọ́ ìkórè ìjọ, bẹ́ẹ̀ ni mo ra aṣọ tuntun kí n lè fi hàn ọ́ lórí fóònù ìyá Ìtùnú. Mo jókòó títí aṣọ fi rún mọ́ mi lára. Mo ti dárí jì ọ́.

Ọlọ́kadà dé pẹ̀lú bébà rẹ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù tó kọjá. Bàbá rẹ kà á fúnra rẹ̀ pẹ̀lú awò lójú, kò sì lọ sí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ mọ́. O ṣeun. Mo ti ń wá ọ̀nà tí màá gbà jí ìbọn yẹn gbé pamọ́. (Òótọ́ ni. Wọ́n ti wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì.)

Ní báyìí, ọmọ yìí ti mú òrùka kúrò lórí ìkòkò omi mi, ó gbé e lọ sórí òṣùwọ̀n ẹni tó ń ta ìrẹsì ní Ìkàrẹ́, ó ní ìdajì kílò dín díẹ̀. Ewúrẹ́ ti mu omi mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òrùka ni kí bàbá rẹ dá padà sẹ́nu ìbọn. Bàbá rẹ ní òun ò ní fọwọ́ kàn án bí èmi ò bá sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun ṣèlérí fún mi. Ọlálẹ́yẹ, mo rò pé inú mi máa dùn láti gbọ́ ọ, kò sì dùn mọ́ mi nínú. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Mo fẹ́ bi ọ́ níwájú Ọlọ́run. Irin tí ẹ fi sí ẹnu ìbọn níbẹ̀, tí ìbọn ò fò mọ́, ṣé ẹnikẹ́ni pe nǹkan sí i? Ṣé wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ pa á? Má tàn mí. Mo ti dàgbà jù fún ìtànjẹ.

Ìyá rẹ,
Lucy

(Bọ̀ọ̀dá, Sátidé kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló kù.)


Tulsa, Oklahoma
Ọjọ́ kẹwàá oṣù kìn-ín-ní, 2025

Màmi,

Mo dọ̀bálẹ̀ níbí. Ẹ má bínú sí mi nípa ọjọ́ ìkórè. Ẹnu iṣẹ́ ni mo wà, mi ò sì ní àwíjàre míì.

Níwájú Ọlọ́run, ẹnikẹ́ni ò pe nǹkan kan sí i. Inú ọ̀rá ló wà nígbà tí a rà á, ọmọ tó tà á fún wa ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù, kò tilẹ̀ wo ojú wa. Irin kejì, èyí tí kò ní ihò, ọ̀gá mi gé e lára irin tó ṣẹ́kù nígbà tó ń ṣe géètì. Ìbọn ò mọ̀ bóyá a gbàdúrà tàbí a ò gbàdúrà. Ohun tó wúwo ṣòroó gbé sókè, ìyẹn ni gbogbo rẹ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹ̀rù òrùka yẹn máa ń bà mí, Màmi, mi kì í kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn náà. Mi ò bá yín wí rárá. Àmọ́ mo rò pé ẹni tó kọ́kọ́ dè é mọ́ ibẹ̀, ọrùn ọwọ́ ló ń dun òun náà.

Ohun tí ẹ bá sọ ló máa ṣẹ.

Ọmọ yín,
Ọlálẹ́yẹ


Òkè-Ọ̀kà, Àkókó
Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kìn-ín-ní, 2025

Bọ̀ọ̀dá mi,

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka èyí.

Màmá ní kí n ka lẹ́tà yín fún àwọn lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní, "Bí irin òyìnbó ò bá ní òògùn nínú, kí ló dé tí tiwa nìkan á fi ní?" Wọ́n fi ọṣẹ àti iyanrìn fọ òrùka náà fúnra wọn, wọ́n gbé e lé Bàbá lọ́wọ́, wọ́n padà sídìí àwo tí wọ́n ń fọ̀. Bàbá fi í sí ẹnu ìbọn. A lọ sójú ọ̀nà oko. Ìlà méje, mẹ́jọ, méje. Bàbá ń wo ọwọ́ wọn bí ẹni pé wọ́n yá a ni.

Ọjọ́ Sátidé dé. Èrò kún orí àpáta, àwọn kan wá láti Ìwárọ̀, àwọn kan láti Ọ̀gbàgì. Bàbá gbé ìbọn jáde, Bọ̀ọ̀dá Rufus sì rí òrùka.

Ó ní, "Bàbá, ẹ kú ewu. Ẹ ti dá òògùn padà. Ṣé pásítọ̀ gbọ́?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Màmá wà láàárín àwọn obìnrin, wọ́n wolẹ̀.

Bàbá ní, "Irin ni, Rufus."

"Irin tí ẹ yọ nítorí pé òògùn ni? Ọjọ́ wo ló wá di irin?"

Ká sọ tòótọ́, ìbéèrè gidi ni. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́, gbogbo wọn ń retí ìdáhùn. Èmi ń sọ ọ́ nínú ọkàn mi pé Bàbá, ẹ yìn ín, ẹ yìn ín kí ọ̀rọ̀ parí. Òrùka wà lẹ́nu ìbọn, ìlà méje ló máa dé, ọdún kan ti di ti wọn nìyẹn.

Bàbá yọ òrùka, wọ́n fi sí àpò. Wọ́n wọn ẹ̀tù lójú gbogbo èèyàn, wọ́n ki akísà tẹ̀ lé e, wọ́n wá na ìbọn sí Bọ̀ọ̀dá Rufus. "Yìn ín."

Bàbá Ọdúnayọ̀, tó dàgbà jù nínú àwọn ọdẹ, ní, "Abọ́dẹrìn, ṣé o mọ ohun tí ò ń ṣe?"

"Mo mọ̀ ọ́n."

Bọ̀ọ̀dá Rufus gba ìbọn, ó ta ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yìn ín. Ẹnu ìbọn kọjá àgbọ̀n rẹ̀, ó kọjá iwájú orí rẹ̀, ó gbá fìlà rẹ̀ dànù. Pẹ̀lú gbogbo ọwọ́ erin yẹn o. Àwọn ọmọdé ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gba ìbọn, wọ́n dúró títí ó fi tutù, wọ́n fi òrùka sí i, wọ́n wọn ẹ̀tù kan náà, gbogbo ojú ń wò ó. "Tún un yìn."

Ó yìn ín. Àgbọ̀n rẹ̀ ni ẹnu ìbọn dúró sí.

Bàbá ní, "Ṣé o sọ̀rọ̀ sí i?"

"Rárá."

"Ṣé èmi sọ̀rọ̀ sí i?"

"Rárá, Bàbá."

"Kí ni, nígbà náà?"

Bọ̀ọ̀dá Rufus gbé ìbọn náà sókè sódò lọ́wọ́ rẹ̀, ó pẹ́. Ó ní, "Ó wúwo níwájú."

Bàbá kọjú sí àwọn obìnrin, wọ́n ní, "Ẹ gbọ́ ọ."

Màmá gbé orí sókè.

Ìgbà yẹn ni Bàbá Ọdúnayọ̀ sọ ohun tí èmi ò tilẹ̀ rò. Ó ní ẹnì kan ti yìn ín, ẹnu ìbọn ò sì kọjá iwájú orí rẹ̀, ọdún yìí ti ní olórí. Bọ̀ọ̀dá Rufus ní rárá, ìdánwò lásán ni, ẹ gbà á, Bàbá. Ó ń na ìbọn sí wọn bí ẹni tó mú ohun gbígbóná dání. Bàbá ní òfin ò mọ ìdánwò. Wọ́n gbọn ìyẹ̀fun ẹ̀tù kúrò lọ́wọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀.

Bọ̀ọ̀dá, mo sáré bá wọn lójú ọ̀nà. Mo ní, "Ẹ̀yin ni ẹ̀ bá kọ́kọ́ yìn ín. Ṣebí ẹ mọ̀ pé ó máa ṣiṣẹ́."

Wọ́n ní, "Tí mo bá yìn ín, màá jẹ́ olórí tó lo òògùn. Ohun tí wọ́n á gbé lọ sílé nìyẹn, orí ìyá rẹ àgbà ni wọ́n á sì sọ ọ́ lé nínú ìjọ." Wọ́n rìn díẹ̀. "Mo sì fẹ́ rí bó ṣe máa ṣe ní ọwọ́ tó lágbára. Ṣé o wò ó? Ìlà mélòó?"

Mi ò mú ọparun dání. Mo ní bóyá méje. Wọ́n ní "bóyá" kì í ṣe òǹkà.

Láàárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń gbálẹ̀, Bọ̀ọ̀dá Rufus dé pẹ̀lú ìbọn gígùn tirẹ̀ àti irin mẹ́rin nínú àpò sìmẹ́ńtì. Ó fẹ́ mọ èyí tó yẹ kí ó dè mọ́ ọn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, olórí."

Bàbá ní, "Ìwọ ni olórí."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, olórí," ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ wọn.

Ìtùnú